Ẹ ṣọ́ra fún kápúsù ìdí ńlá inú náílọ̀nù

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó ń ta kápúsù ìdí ńlá lórí WhatsApp, tó ń búra pé ewé àti egbò lásán ni, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó fowó ránṣẹ́: ta ló ń sọ fún ọ̀rá pé ìdí ni kó yà sí, kó má dé ikùn?

Ara ló ń pín ọ̀rá rẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá ti bàlágà, èròjà ara kan tó ń jẹ́ estrogen á máa darí ọ̀rá lọ sí ìbàdí, ìdí àti itan, ìpamọ́ de oyún àti ọmú fífún ọmọ. Estrogen ọkùnrin ò tó bẹ́ẹ̀, ikùn ni tiwọn sábà ń lọ. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, tobìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ikùn. Ìran tún wà níbẹ̀: ẹ wo ìyá yín àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Oògùn méjì tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sínú irú ọjà yìí ni cyproheptadine àti dexamethasone. Oògùn ara yíyún ni ti àkọ́kọ́. Ó ń kunni lóorun, ó sì ń mú ebi pani ṣáá. Ẹ ó sanra lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rí wa mú! Dexamethasone ló burú jù. Iṣẹ́ cortisol, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló ń ṣe nínú ara, bó bá sì pẹ́, ojú ló ń kó ọ̀rá sí, tí á rí roboto, àti ẹ̀yìn ọrùn, àti ikùn tí ẹ ń sá fún. Apá àti ẹsẹ̀ á wá máa tín-ín-rín torí pé ó ń jẹ ẹran ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ò jìnnà síbẹ̀.

Bí kò bá sí nọ́ńbà NAFDAC, tí kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, tí wọ́n kàn dà á sínú náílọ̀nù, ẹ má rà á. Fọ́tò "ṣáájú àti lẹ́yìn" kì í ṣe ẹ̀rí; igun kámẹ́rà nìkan lè mú kí ìdí dà bíi pé ó tóbi sí i.

Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́, kó má ṣàdédé já a sílẹ̀ o. Ara rẹ̀ lè ti dẹ́kun ṣíṣe cortisol tirẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Kó mú kápúsù náà dání lọ bá dókítà, kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.