Iná iwájú Hiace mi: mo ra LED, mo sì tún padà sí gílóòbù

Alaalẹ́ ni mo ń wa bọ́ọ̀sì Hiace mi bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà, nǹkan bíi kìlómítà 30. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé tí a bá ti kúrò ní Òṣú, òkùnkùn ló kù títí a ó fi dé Ìbòdì, àfi iná tí kálukú bá gbé dání. Lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, àpò kòkó ni mo kọ́kọ́ rí lójijì níwájú mi, kí n tó mọ̀ pé bàbá kan ló ń ti kẹ̀kẹ́ tí àpò náà wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì, gbogbo èrò ké "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá náà ò fara pa, ṣùgbọ́n mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ ra LED. ₦18,000 ni méjì, wọ́n kọ 6000K, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ irú àwọ̀ tí iná ní, gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Nígbà tí a tàn án, ó funfun báláú, mo ní wàhálà ti tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni ayọ̀ yẹn fi wà. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ló ń ta fúù láìtì sí mi, bẹ́ẹ̀ dímù ni mo tàn. Awakọ̀ típà kan tí a jọ pàdé lójú ọ̀nà tilẹ̀ wá mi rí ní gáréèjì lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ fọ́ wa lójú ni? Mi ò rí etí títì mọ́ rárá!" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òjò wá rọ̀, iná náà ń ta padà sí èmi alára lójú, bí ẹni ta aṣọ funfun síwájú ọkọ̀.

Rìwáyà mi ló là mí lóye. Ó gbé gílóòbù H4 àtijọ́ àti LED náà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú gílóòbù: ọ̀kan fún dímù, 55 wọ́ọ̀tì, ìkejì fún fúù, 60. Lábẹ́ wáyà dímù, abọ́ irin kékeré kan wà tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí iná fò sókè. Ojú ibi tí wáyà yẹn wà gan-an ni àwọn tó ṣe iná wò kí wọ́n tó ṣe ike dídán ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú. Ojú iná LED tèmi kò bọ́ síbẹ̀, ló ṣe ń fọ́n káàkiri. Mi ò sọ pé gbogbo LED ló rí bẹ́ẹ̀ o, èyí tí mo rà ni mò ń sọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gílóòbù mi kò jẹ̀bi tẹ́lẹ̀. Rìwáyà fi mítà wọn bátìrì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: fóòtì 13.8. Ó wọn ẹ̀yìn gílóòbù: 11.4. Wáyà ọkọ̀ ti gbó, súwíìṣì ti gbó, iná ń ṣègbé sọ́nà, bẹ́ẹ̀ bí fóòtì bá dín díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń dín púpọ̀. Ó fi rìléè méjì sí i, ìyẹn súwíìṣì tí iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, ó fa wáyà tó nípọn tààrà láti orí bátìrì, pẹ̀lú fíúsì. A tún un wọ̀n: 13.3. Odindi ọjọ́ kan ló gbà.

Ike iwájú iná tí oòrùn ti sọ di pupa rúsúrúsú, èmi fúnra mi ni mo fi sándípépà nọ́ńbà 800, 1500 àti 2000 fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ rí bí omi ògì. Lẹ́yìn náà ni a fín kílià, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, sí i, torí tí a ò bá fín in, oòrùn á tún bà á jẹ́. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń fi ra á kì í pẹ́.

Gílóòbù Osram tuntun, 60/55, ni mo wá fi sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 100/90 fún yín sórí wáyà àtijọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnìkan ní gáréèjì wa yọ́ bí àbẹ́là.

Títò iná ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Tí ọkọ̀ bá wà ní mítà 10 sí ògiri, kí etí òkè ìmọ́lẹ̀ dímù lára ògiri wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ gíga gílóòbù. Kí èrò wà nínú bọ́ọ̀sì kí ẹ tó ṣe é o! Tí ẹ̀yìn bá wúwo, imú ọkọ̀ á gbé sókè, iná á tún bọ́ sójú àwọn tó ń bọ̀.

Iná mi ò funfun bíi ti LED mọ́, ṣùgbọ́n mo ń rí etí títì, mo ń rí ẹlẹ́sẹ̀ láti òkèèrè, kò sì sẹ́ni tó ń ta fúù sí mi. LED ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Awakọ̀ kan fẹ́ fi ₦8,000 gbà á lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò tà á fún un; ọ̀nà kan náà la jọ ń wa ọkọ̀ lálẹ́.