Wọ́n fi ọ̀dà oníke dí ògiri pálọ̀ mi nímú: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn atúnléṣe kan

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin iṣẹ́ wọn ni mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri pálọ̀, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ike. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bákan náà ni. Mo lọ síbi tí wọ́n kó garawa ọ̀dà sí lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo yí ojú ọ̀kan síta, mo kà á. Ọ̀dà oníke ni. Ẹfun la kọ sínú ìwé àdéhùn, ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta, tí wọ́n pò mọ́ omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wà nínú ìwé yẹn. Ara mi ń gbọ̀n.

Kì í ṣe àwọ̀ ló bí mi nínú. Ilé yìí ti wà kí Joseph Aspdin, bíríkìlà ará Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ìwé àṣẹ sìmẹ́ńtì Portland lọ́dún 1824. Kò sí sìmẹ́ńtì nínú ògiri rẹ̀, kò sì sí ọ̀rá kankan ní ìpìlẹ̀ tó máa dá omi ilẹ̀ dúró. Omi máa ń gun ògiri díẹ̀díẹ̀, á gba ojú ẹfun jáde, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Tí ẹ bá wá fi ike bò ó, inú ògiri lomi náà máa jókòó sí. Iyọ̀ tó bá a gòkè á máa ti ọ̀dà síta títí á fi lé ròrò, tí á máa bọ́, àwọn igi tó wọnú ògiri á sì máa rà. Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún fómáànù lọ́jọ́ tó wá wọn yàrá. Ó ń mi orí.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀gá wà ní mítíìnì." Ìpè kẹta, mítíìnì. Ìpè karùn-ún, ọ̀gá ti jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó pè, ohun tó sì kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Mà, ọ̀dà tí mo kùn sílé tèmi náà nìyẹn. Ó dáa ju ẹfun lọ, ó ṣeé fọ̀." Mo ní, "Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé tiyín, sà?" Ó dákẹ́. Mo ka ìwé àdéhùn sí i létí látòkè délẹ̀. Ó ní òun á rán ẹnì kan wá. Kò ní kí n má bínú. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sọ ọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ló rán wá. Mo ti di ìjà sílẹ̀ dè é, àmọ́ kò wo ojú mi rárá, ògiri ló lọ bá. Ó ń fi oríkèé ìka kàn án, ó ń dẹtí. Níbi tó bá dún kó-kó, á kọjá. Níbi tó bá dún bí àgbá òfìfo, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó ní, "Ibi wọ̀nyí ti kúrò lára ilé, màmá. Ẹ jẹ́ ká tún un rẹ́." Inú mi rọ̀ díẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha igi, ó fẹ́ kọjú sí ilẹ̀kùn. Bàbá pariwo mọ́ ọn: "Dúró! Ṣé òjé lo fẹ́ ká máa fà símú ni?" Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé, eruku rẹ̀ sì burú fún ọpọlọ ọmọdé. Wọ́n bomi rin ín, wọ́n fọwọ́ ha á, wọ́n bo imú, wọ́n sì kó gbogbo èérún rẹ̀ sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàbá fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ojú ibì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé: funfun, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé, àti nísàlẹ̀ pátápátá, búlúù tó rọ̀ bí ojú ọ̀run àárọ̀. Mo ní kó má kùn ún. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bó ọ̀dà oníke kúrò. Ìpele ẹfun márùn-ún ni bàbá wá kùn, ó fẹ́lẹ́ bí wàrà, ó ń bomi rin ògiri kó tó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan lójú ògiri, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Ó ní, "Ẹ lọ sùn, màmá. Bó bá ti ń gbẹ ló máa funfun." Òótọ́ ni. Ẹfun yẹn ń fa gáàsì inú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta, ó sì ń pa dà di òkúta. Gíláàsì àtijọ́ tó wà lójú fèrèsé mi kò tẹ́ dọ́gba, nítorí náà, bí oòrùn bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ máa ń mì lójú ògiri bí omi odò. Mo fa àga kúrò lára ògiri níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Mi ò gbé àwòrán kankan kọ́. Kò nílò rẹ̀.

Síbẹ̀, àkàbà wọn ha pákó ilẹ̀ mi níbi méjì. Wọ́n já okùn tó so fèrèsé mọ́ irin tó ń gbé e ró, igi ni mo fi ń ti fèrèsé náà sókè báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n tún kọ owó ọ̀dà oníke yẹn sínú ìwé owó! Mi ò san án.

Máàkì: 4 nínú 5. Bí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ béèrè bàbá yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.