Iṣan ẹsẹ̀ màlúù gbígbẹ tí mo rà fún ọrun: kí ẹ tó sanwó, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni àwọn kan ti ń bi mí pé iṣan tí mo rà yẹn ńkọ́, ṣé ó dáa ṣé kò dáa, mo kàn ń sọ pé ẹ ní sùúrù, torí iṣan kì í ṣe bàtà tí èèyàn á wọ̀ lẹ́ẹ̀kan táá ti mọ̀ bóyá ó bá òun mu, àfi tí ẹ bá gún un, tí ẹ fọ̀ ọ́, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, tó gbẹ, tí ẹ wá fa ọrun yẹn dé etí, ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ pé owó yín ò ṣòfò. Igi gbígbẹ́ niṣẹ́ mi, Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ère ló ń bọ́ mi, ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà ni mo fi ń ṣeré.

Ohun tí mo rà rèé: iṣan ẹsẹ̀ màlúù gbígbẹ, èyí tó nípọn tó wà lókè gìgísẹ̀ lẹ́yìn, ẹyọ 30, lọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ń polówó ẹ̀ lórí WhatsApp. ₦18,000, owó mọ́tò lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ló bọ́ sí, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Òṣogbo ṣe máa ń rí lásìkò yẹn, èrò ń wọ́ lọ sódò, àlejò kún gbogbo òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ mẹ́ta ni pásẹ́ẹ̀lì mi fi wà ní gáréèjì kí wọ́n tó rántí pè mí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tà á. Àpò sìmẹ́ǹtì ló fi wé e, ó gbẹ, kò sì rùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Fún ẹni tí ò bá mọ ohun tí iṣan wá ṣe lára ọrun: ọrun àwọn ọdẹ tiwa igi lásán ni, ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ so ọsán, ìyẹn okùn tí wọ́n ń fà, mọ́ ọn, ó tán. Àwọn ará Tọ́kì, Mòǹgólíà àti Kòríà ni wọ́n ń lẹ iṣan mọ́ ẹ̀yìn ọrun tí wọ́n tún ń lẹ ìwo mọ́ inú ẹ̀. Ẹ̀yìn tí mò ń wí yìí ni apá tó kọjú sí ẹran tí ẹ fẹ́ ta lọ́fà o, kì í ṣe apá tó kọjú sí yín, mo mọ̀ pé ó ń rú àwọn kan lójú. Tí ẹ bá fa ọrun, ẹ̀yìn yẹn ló ń nà, ibẹ̀ ni igi ti ń là, iṣan ló máa di igi mú tí ò fi ní là. Bó ṣe ń gbẹ ló tún ń sún kì, á fa igi yẹn títí tí orí ọrun méjèèjì á fi yí sí ọ̀ọ́kán, ẹ ò tíì so ọsán mọ́ ọn rárá o.

Mo tú u sílẹ̀, mo ń gbé e sójú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣan tó gbẹ dáadáa máa ń pọ́n bí oyin, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá, á le débi pé tí ẹ bá sọ ọ́ sórí tábìlì á dún kò bí egungun. 19 nínú 30 rí bẹ́ẹ̀. 7 ní ọ̀rá lára, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. 4 tó kù dúdú létí, ó ń rùn èéfín, mo ní kò burú, mo kó o mọ́ àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Gígún ni iṣẹ́ wà. Ẹ ò gbọdọ̀ fi hámà irin olójú mímú gún un, á gé òwú inú ẹ̀, kùmọ̀ igi ni kí ẹ lò lórí ìtì igi tó jọ̀lọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kan, ẹ máa lù ú, ẹ máa yí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun díẹ̀díẹ̀, á là, á fọ́n ká, títí táá fi dà bí irùkẹ̀rẹ̀ kékeré lọ́wọ́ yín, ẹ wá fọwọ́ ya á sí wẹ́wẹ́ bí òwú ìránṣọ. Ẹyọ kan gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kejì tí mò ń gún un ni ìyá tó ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní “Bàbá Àyọ̀, iyán wo lẹ ń gún látàárọ̀ tí ò kúnná yìí?” Gígùn ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ṣá, ínṣì 9 sí 11 ni mo wọ̀n, màlúù Fúlàní ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni.

Àwọn 4 eléèéfín yẹn ló já mi kulẹ̀. Kùmọ̀ kan péré, ó ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí sùpàgẹ́tì tí wọn ò tíì sè. Mo pe ẹni tó tà á, mi ò pariwo, mo kàn bi í pé ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń yọ iṣan yìí gan-an. Ó ní “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín, èyí tí mi ò rí tútù nínú ẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń sun ẹsẹ̀ màlúù ni mo ti gbà á.” Háà! Ẹ mọ̀ pé ní odò ẹran wọ́n á sun ẹsẹ̀ màlúù lórí iná kí irun ẹ̀ lè jó kúrò kó tó di bọ̀kọ́tọ̀. Iná yẹn ti se iṣan inú ẹ̀. Iṣan tútù tí ooru ẹ̀ bá ti lé ní bíi 60 dígírì á sún kì, agbára ẹ̀ ti lọ nìyẹn, tó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná ńṣe láá máa yọ́. Ẹni tó bá ti jẹ bọ̀kọ́tọ̀ tó jinná rí tí ètè ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra, ohun tí mò ń sọ ló jẹ yẹn. Òun kan náà la máa ń sè di gúlù. Gúlù la fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, a ò fẹ́ kí iṣan rí bẹ́ẹ̀. Torí náà tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ rántí bi olùtajà yín pé: ṣé kí wọ́n tó sun ẹsẹ̀ yẹn lẹ yọ iṣan ẹ̀ àbí lẹ́yìn tí wọ́n sun ún?

Kó má di pé mo ń ba èèyàn lórúkọ jẹ́, ó fi 4 míì ránṣẹ́, wọ́n dáa. Ó wá ní kí n fi àwọn tó bàjẹ́ se ẹ̀fọ́. Mo rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọlọ́ràá yẹn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ o, gúlù ò ní mú un. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣàn án, mo sá a síbi òjìji. Ọjọ́ méjì gbáko, iṣẹ́ tó yẹ kí òun ti ṣe kó tó gbowó ni.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò lọ sódò ẹran fúnra mi. Mo ti lọ rí jàre. Oúnjẹ ni iṣan nílẹ̀ wa, alápatà wo láá yọ ọ́ fún ẹ kó wá máa wá ẹni táá ra ẹsẹ̀ tí wọ́n ti tú nínú? Gbogbo ẹsẹ̀ náà ló ní kí n rà. Mo ra mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan la fi jẹ bọ̀kọ́tọ̀ nílé mi, àwọn ọmọ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ mọ́.

Gúlù, àjákù awọ ewúrẹ́ tí bàbá tó ń ṣe ìlù nítòsí mi fún mi ni mo fi sè é, iná jẹ́jẹ́, mi ò jẹ́ kó hó. Mo rẹ òwú iṣan sómi, mo fún un, mo rì í sínú gúlù, mo fi òòyà ya á kó lè tẹ́, mo wá ń tò ó bí bíríkì sẹ́yìn igi gúáfà, kí ìdí èyí má bàa ṣe déédéé ìdí tòhún. Oṣù kẹsàn-án ni mo ṣe é, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan, èmi ni ò ní sùúrù. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ó ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó bu funfun, eku tún wá jẹ orí kan lóru. Mo ha gbogbo ẹ̀ kúrò, mo dúró de ọyẹ́. Inú oṣù kejìlá ni mo tún un tò, ọjọ́ mẹ́rin péré ó ti le gbagidi, mo ṣì gbé e kọ́ títí di oṣù kejì kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fà á dé etí, ọsán ló já. Ọsán já, ọrun dọ̀pá, lójú mi kòrókòró. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú iṣan yìí ni mo fi lọ́ ọsán yẹn, ẹ má dán an wò nílùú olójò bíi tiwa, ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kó nà. Òwú náílọ́ọ̀nù ni mo lò báyìí. Ọrun gan-an ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yìn ẹ̀ ò là, ọfà ń fò.

Máàkì tí mo fún iṣan yìí, 6 nínú 10. Ì bá jẹ́ 8 tí kì í bá ṣe ti èéfín àti ọ̀rá. Mo ti tún pe ẹni tó tà á fún 20 míì, mo ní kó ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú oòrùn kí n tó fowó ránṣẹ́, ó yà á, mo ní kó yọ 3 kúrò.