GPS ni ẹ ó rà ni, àbí ìpàdé? Ìfiwéra àwọn ètò tó ń fi fóònù ránṣẹ́ sí fóònù

Níbi tí òpó nẹ́tíwọ̀kì ò sí, fóònù lè máa gba iṣẹ́ tí a rán lọ́wọ́ ara wọn títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Kí ẹ tó ra ètò kankan, ẹ bèèrè bó ṣe ń yan fóònù tí yóò gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: ṣé ibi tí fóònù wà (GPS) ló ń wò ni, àbí bí àwọn fóònù ṣe ń pàdé ara wọn?

Èyí tó ń lo ibi tí fóònù wà

Irú GPSR, ìlànà ìfiránṣẹ́ kan tó jáde lọ́dún 2000, máa ń gbé iṣẹ́ fún aládùúgbò tó sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ ń lọ jù. Kò nílò máàpù gbogbo nẹ́tíwọ̀kì, nítorí náà ó fúyẹ́, ó sì yá níbi tí fóònù tàbí ọkọ̀ bá pọ̀ ní gbangba. Bí àlàfo bá wà níwájú, ó ní láti yí etí rẹ̀ po, ọ̀nà á sì gùn. Nínú ilé, GPS kì í ríran dáadáa.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ta ló ń sọ ibi tí ẹni tí ẹ ń ránṣẹ́ sí wà fún fóònù yín? Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ má rà á. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ náà ni òun náà máa dákẹ́.

Èyí tó ń lo ìpàdé

PRoPHET, tí ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 2012 nínú ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 6693, ń fún fóònù méjì ní máàkì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pàdé, máàkì náà á sì máa dínkù bí wọn ò bá ríra. Fóònù tí máàkì rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí iṣẹ́ ń lọ bá bá ga jù ló ń gbé iṣẹ́ náà fún. Ó yẹ iléèwé àti ibi iṣẹ́, níbi táwọn èèyàn kan náà ti ń ríra lójoojúmọ́. Iṣẹ́ lè pẹ́ ní wákàtí mélòó kan kó tó dé.

Ẹ yẹ bí máàkì ṣe ń dínkù wò. Ìlànà náà dábàá pé kí máàkì máa di ìlọ́po 0.999 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n àkókò kọ̀ọ̀kan. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan, máàkì á dín sí ìdajì láàárín nǹkan bíi wákàtí 11 àbọ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 11 àbọ̀ péré ni, fóònù yín á sì ti gbàgbé ojúlùmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó jẹun tán. Ẹ ra èyí tó jẹ́ kí ẹ yí i padà fúnra yín.

Fóònù ẹni tó mọ èèyàn púpọ̀ ló máa ń ru ẹrù jù, bátìrì rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Fóònù tuntun ò sì ní ìtàn ìpàdé kankan, ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Àkọsílẹ̀ ìpàdé yìí ń sọ ẹni tí ẹ ń bá rìn, torí náà orí fóònù nìkan ni kó wà, kó sì ní títì.

Ìdánwò kí ẹ tó sanwó

Ẹ kó fóònù 6 jọ, ẹ pa dátà àti SIM, ẹ fi Bluetooth sílẹ̀ ní títàn. Ẹ fi iṣẹ́ 20 ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ kan tí gbogbo yín ń lọ tí ẹ ń bọ̀. Ẹ ka iye tó dé, ẹ kọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, kí ẹ sì wo bátìrì tó kù lórí fóònù kọ̀ọ̀kan.