Àwọn tó wá fa sókàwéè wa ní Ìkòròdú, ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ gbọ́ tèmi o. Igbogbo la wà, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù gan-an, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ díẹ̀ báyìí omi ti ń sun. Bí òjò ṣe wá ń rọ̀ lójoojúmọ́ ni tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ò lọ mọ́, tá a bá da omi sí i á kàn máa hó gọ́lọ́gọ́lọ́.

Àwọn tá a kọ́kọ́ pè, owó wọn ò wọ́n, ṣùgbọ́n mo jáde síta mo bá wọn tí wọ́n na rọ́bà sínú gọ́tà, tí nǹkan dúdú yẹn ń ṣàn kọjá níwájú ìyá alákàrà. Mo pariwo, wọ́n ní báyìí ni gbogbo èèyàn ń ṣe é. Ó dùn mí dọ́kàn! Òfin Èkó ò fàyè gbà á rárá, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìdọ̀tí ló yẹ kí táńkà gbé e lọ, LSWMO tí ìjọba dá sílẹ̀ fún omi ìdọ̀tí ló ń mójú tó wọn, ilé tó bá sì ń da tiẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n lè tì í pa.

Àwọn kejì ni mo ń yìn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé o, ìyẹn bí mi nínú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fa ohunkóhun, ọ̀gá wọn ki igi gígùn bọnú táńkì ìgbẹ́ tó wà nínú ilẹ̀, ó fà á yọ, ó gbé e wá síwájú mi: ẹrẹ̀ dúdú ò ju ìka mẹ́rin lọ nísàlẹ̀ igi, omi ló ku. Ó ní, "Mọ́mì, ìgbẹ́ ò tíì kún, omi ilẹ̀ ló ń wọlé padà látinú sókàwéè, kòtò tí omi táńkì ń gbà wọlẹ̀, tá a bá gba owó yín lónìí á tún kún láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé." Ó ní ká má da omi ìfọṣọ síbẹ̀ mọ́, ká sì dín oògùn apakòkòrò kù, torí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ náà ló ń pa. Owó àyẹ̀wò nìkan ló gbà.

Ó wá bi mí níbo ni kànga wà. Mo nawọ́ sí i. Wọ́n ní kó jìnnà tó mítà 30 sí sókàwéè, pùlọ́ọ̀tì wa sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36, àfi kí ọ̀kan wà níwájú ilé kí èkejì wà lẹ́yìn pátápátá, ẹni tó ra ìdajì pùlọ́ọ̀tì ńkọ́? Aládùúgbò náà sì lè gbẹ́ sókàwéè tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹni! Tiwa ò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìfọṣọ nìkan là ń fi omi kànga yẹn ṣe, omi mímu mò ń rà á.