Juki DDL-8700: Máṣíìnì ẹni tó ń fi aṣọ rírán jẹun

Télọ̀ tó bá ń jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí agbára máṣíìnì ilé kò ní í ká iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé máṣíìnì ilé burú. Wọn ò ṣe é fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni: mọ́tò rẹ̀ kéré, á máa gbóná, eyín oníke inú rẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Juki DDL-8700, tí iléeṣẹ́ Juki ti ilẹ̀ Jàpáàn ṣe, ni ọ̀pọ̀ télọ̀ máa ń bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí iṣẹ́ ìlà gbọọrọ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tàbí tó jẹ́ pé aṣọ méjì mẹ́ta ló ń rán lọ́sẹ̀, kó fi owó rẹ̀ pamọ́ ná.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Abẹ́rẹ́ kan, òwú òkè, òwú ìsàlẹ̀, ìlà tó lọ tààrà. Kì í ṣe sígísáàgì, kì í ṣe ihò bọ́tìnnì, kì í sì í wíífì etí aṣọ kó má bàa tú. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ní máṣíìnì wíífìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kó mọ ẹni tó máa bá a wíífì. Ẹ ka ìyẹn mọ́ owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Eré rẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀: ó lè gún aṣọ ní ìgbà 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí sítíìṣì bá wà ní mìlímítà 2.5, ìyẹn jẹ́ mítà 13.75 ní ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó ń rán aṣọ báyẹn láti òwúrọ̀ dalẹ́, torí a máa yọ píìnì, a máa yí aṣọ, a máa to etí mọ́ etí. Ibi tí eré yẹn ti ń wúlò ni ojú ìlà gígùn: kọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò, aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n bá kó wá lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọrùn àti ibi apá, ohun tí télọ̀ ń fẹ́ ni pé kí máṣíìnì dúró ní ibi tó ní kó dúró.

Mọ́tò ló ń pinnu ìyẹn. Orí máṣíìnì lọ́tọ̀, mọ́tò tí wọ́n ń dè sábẹ́ tábìlì lọ́tọ̀, ẹ sì lè yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Clutch ni ti àtijọ́. Bí ẹ bá ti tan iná sí i báyìí, ó ti ń yí nìyẹn, ó ń pariwo, bẹ́ ò tiẹ̀ rán nǹkan kan. Ẹsẹ̀ yín kàn ń so ó mọ́ bẹ́líìtì ni. Ó ń jẹ iná lásán, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lára á sì tẹ̀ ẹ́ jù, aṣọ á fò lọ kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Servo kì í yí àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́, bọ́tìnnì sì wà lára rẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi dín eré kù títí abẹ́rẹ́ á fi máa gún aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà télọ̀ kan wà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ servo, torí ẹsẹ̀ wọn ti bá clutch mu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí máṣíìnì ńlá, kó fowó kún un, kó gba servo.

Nǹkan kejì tí ẹni tó ti orí máṣíìnì ilé bọ̀ máa gbádùn ni irin orúnkún. Bí ẹ bá fi ọwọ́ gbé fúùtù, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, sókè, mìlímítà 5.5 ló máa lọ. Bí ẹ bá fi orúnkún tì í, ó lè dé 13. Ẹ wo bó ṣe rí lórí kọ́là: ẹ rán dé ṣóńṣó, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, orúnkún ọ̀tún ti irin, fúùtù gòkè, ọwọ́ méjèèjì yí aṣọ, orúnkún dẹ̀, fúùtù bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ọwọ́ kò kúrò lára aṣọ rárá, aṣọ kò sì ráyè yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣóńṣó kọ́là òsì àti ti ọ̀tún fi ń bára mu.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé ló gba sùúrù jù. Ọ́ìlì kì í sí nínú rẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Ẹ dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ó rí àwo ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì sí i títí tó fi dé àmì HIGH, ẹ má sì jẹ́ kó fà lọ sísàlẹ̀ LOW láé. Èyí tí Juki fọwọ́ sí ni New Defrix Oil No. 1, ó fúyẹ́, kò nípọn. Ọ́ìlì ọkọ̀ tàbí òróró ìdáná kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá: wọ́n á dì sójú ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà gòkè, irin á sì máa jẹ irin. Bí máṣíìnì bá ti ń yí, ẹ wo fèrèsé kékeré tó wà lórí rẹ̀. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa ta sí i. Bí kò bá ta, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tí wíìlì ń yí pẹ̀lú. Orí wíìlì gbọ́dọ̀ máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Bó bá ń lọ sẹ́yìn, wọ́n ti so wáyà mọ́tò lódì, ẹ má fi rán nǹkan kan títí wọ́n á fi tún un so. Ní ti bẹ́líìtì, ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ bí ẹni gbé kílò kan lé e, ó yẹ kó wọlé ní mìlímítà 15. Tó bá le jù, bíárìn ló ń jẹ. Tó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀ nígbà tí aṣọ bá nípọn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó yí lásán fún ìṣẹ́jú 10 ní eré 3,000 sí 3,500, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó kọjá 4,000 ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn òun tó sì jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara ẹ̀rọ rẹ̀ ló fi ń san án.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni DB×1. Ìdí abẹ́rẹ́ yìí rí roboto, kò ní ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti máṣíìnì ilé, nítorí náà kò sí ohun tó máa dá yín dúró bẹ́ ẹ bá fi sí i lódì. Ẹ tì í wọlé títí kò fi lè lọ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tó ní kòtò kékeré létí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀tún gan-an, kẹ́ ẹ sì ti òwú bọ̀ ọ́ láti òsì sí ọ̀tún. Bó bá yí díẹ̀ péré, máṣíìnì á máa fo sítíìṣì, wọ́n á sì sáré pe mẹkáníìkì. Nọ́ńbà 9 tàbí 11 ló wà fún ṣífọ́ọ̀nù àti sílíìkì, 14 fún aṣọ òwú, 16 tàbí 18 fún aṣọ tó nípọn.

Ní ti òwú tó fún tàbí tó dẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ di òwú bọ́bìnì mú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kéèsì rẹ̀, ilé kékeré tí bọ́bìnì ń wà, so rọ̀: ó yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ̀; tó bá dúró gbọin, ó fún. Ìgbà tí ìyẹn bá dáa lẹ tó máa fọwọ́ kan ti òkè. Bí òwú bá ń ta kókó lábẹ́ aṣọ, òkè ló dẹ̀, bí ojú bá tiẹ̀ ń sọ pé ìsàlẹ̀ ni. Bí òwú bá dì jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan, ẹ di ìdí òwú méjèèjì mú fún sítíìṣì méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá ń hunjọ, ẹ dín eré kù, ẹ yọ abẹ́rẹ́ ńlá kúrò, ẹ dẹ òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ bá ti gbá síìpù tàbí píìnì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ṣì ń fo sítíìṣì lẹ́yìn ìyẹn, ó lè jẹ́ pé họ́ọ̀kù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ tó ń fi òwú òkè kọ́ ti ìsàlẹ̀, ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ẹnu họ́ọ̀kù àti abẹ́rẹ́ jẹ́ mìlímítà 0.04 sí 0.1, kì í ṣe ohun tí a ń fojú díwọ̀n. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àbàwọ́n ọ́ìlì lára aṣọ funfun ni ẹ̀sùn tó ṣòro jù lára rẹ̀, ó sì lè ba iṣẹ́ oníbàárà jẹ́ lójijì. Ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú 3, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ na bébà sábẹ́ họ́ọ̀kù fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 nígbà tó ń yí, láì jẹ́ kí ìka débẹ̀. Ìlà ọ́ìlì tóóró ló yẹ kó hàn. Bó bá fọ́n káàkiri, ẹ dín in kù níbi sukúrúù tó ń díwọ̀n ọ́ìlì họ́ọ̀kù; bí bébà bá gbẹ, ẹ fi kún un, torí họ́ọ̀kù tó gbẹ á gbóná, á sì máa já òwú.

Aṣọ fífúyẹ́ dé èyí tó mọ níwọ̀n ni wọ́n ṣe DDL-8700 lásán fún. Ẹni tó jẹ́ pé jíínsì àti kánfáàsì ni iṣẹ́ rẹ̀, kó wá DDL-8700H, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tóbi, tí eré rẹ̀ sì mọ ní 4,500. DDL-8700-7 ń fúnra rẹ̀ gé òwú. Ó dáa fún iléeṣẹ́ tó ń rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló máa ń lè tún un ṣe.

Ẹni tó ń wáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ aṣọ yóò rí àǹfààní nínú kó mọ ẹ̀rọ yìí lò, torí irú rẹ̀ ni wọ́n máa fi dán an wò. Ẹni tó ń tún aṣọ ṣe nìkan, tó ń gé ìsàlẹ̀ ṣòkòtò, tó ń pààrọ̀ síìpù, máṣíìnì tó ń ṣe sígísáàgì á wúlò fún un jù. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó sì ní ọmọṣẹ́, ẹ jẹ́ kó rà á, kó sì kọ́ wọn ní ọ́ìlì kó tó kọ́ wọn ní eré.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ mú aṣọ tín-ín-rín kan àti èyí tó nípọn lọ. Ẹ fi ọwọ́ mi wíìlì síwá sẹ́yìn, kò yẹ kó máa gbọ̀n. Ẹ yọ kéèsì bọ́bìnì, kẹ́ ẹ fi èékánná fa ẹnu họ́ọ̀kù. Bó bá há yín léèékánná, ó ti ṣán. Ẹ rán ìlà lọ síwájú, kẹ́ ẹ tẹ irin ìdápadà, kí ó sì gba ojú ìlà kan náà padà. Bọ́bìnì, fúùtù àti eyín tó ń fa aṣọ rọrùn láti rí, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe wọn ní ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ Juki wà níta pẹ̀lú, nítorí náà ẹ yẹ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wò dáadáa. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ má tan án wò, ẹ lọ wá òmíràn.