Ibi ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta: dókítà gbayì, ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀ káàtó

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn tó ṣe dáadáa àti àwọn tó já mi kulẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 31 ni oyún ìyàwó mi wà tó fi bímọ, ọmọ náà kò sì ju kílò 1.4 lọ. Ní ọjọ́ kẹta, àyẹ̀wò fi hàn pé platelet rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, ti wálẹ̀ sí 38,000, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán, 150,000 ló yẹ kó jẹ́. Ìyá ìyàwó mi ti ń pe àwọn ẹbí ní Láfẹ́nwá kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní ká ṣe sùúrù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dà níbì kankan lára ọmọ náà. Inú bí mi. Mo rò pé wọn kò ní in nílẹ̀ ni.

Ó fún mi ní àga, ó sì ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Netherlands, wọ́n pín ọmọ 660 tí wọ́n bí kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 34 sí ọ̀nà méjì: wọ́n ń fún àwọn kan ní platelet bí tiwọn bá ti kéré sí 50,000, wọ́n sì ń dúró kí ti àwọn yòókù kéré sí 25,000. Àbájáde tó jáde ní 2019 ni pé láàárín ọjọ́ 28, 26 nínú 100 àwọn tí wọ́n tètè fún ló kú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn gidigidi, 19 nínú 100 sì ni ti àwọn tí wọ́n dúró fún. Èmi tí mo gbà pé oore ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà, n kò rí èsì fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó di 22,000, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀. Àárọ̀ ni àbúrò mi fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, alẹ́ la tó rí àpò náà. N kò bínú sí ìyẹn, torí wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn, kí wọ́n sì yọ platelet lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kúlà tí yìnyín kún ni wọ́n gbé e wá! Nọ́ọ̀sì figbe ta: “Ta ló ní kí ẹ kó yìnyín lé e?” Platelet kì í ṣe ohun fíríìjì, láàárín ìwọ̀n ooru 20 sí 24 ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, lórí ẹ̀rọ tó ń mì ín, nítorí bí òtútù bá mú un, kì í pẹ́ lára ẹni tí wọ́n fà á sí. Wọ́n dá àpò náà nù, ọmọ mi sì dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rí òmíràn.

Mílílítà 21 ni wọ́n fà sí i lára, nọ́ọ̀sì kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi tán. Ìyá ìyàwó mi bi í pé ṣé omi ògì ni wọ́n ń fún ọmọ-ọmọ òun, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ọ́ lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti di 71,000. Ọmọ náà ti wà nílé báyìí, ó ń mu ọmú dáadáa.

Rìsíìtì àpò àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọn kò tíì dá owó rẹ̀ padà.